Iwin Fàdákà: Ọkọ̀ Àtijọ́ Kan àti Ìbéèrè Ohun Tí Ń Jẹ́ Ojúlówó

Yorùbá gbà pé orúkọ a máa ro ọmọ. Ohun tí àwọn àgbà sọ nípa ọmọ ènìyàn yìí ṣẹ mọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan lára ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1907. Nọ́ńbà ọkọ̀ náà ni AX 201. Ilé-iṣẹ́ Rolls-Royce ló ṣe é, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ ni Silver Ghost, èyí tí a lè pè ní Iwin Fàdákà. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ti wà láyé, wọ́n sì ti tún un ṣe tí ó ń dán bí ìgbà tí ó jáde. Àtúnṣe yìí gan-an ni ó bí ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò: bí a bá ń pààrọ̀ ẹ̀yà ara ohun àtijọ́ kan, ṣé ohun náà náà ni ó ṣì jẹ́, àbí òmíràn ni ó ti gba orúkọ rẹ̀?

Ọkùnrin mẹ́ta ni ìtàn náà so pọ̀. Henry Royce, tí a bí ní 1863, kò bá ọrọ̀ nílé baba rẹ̀. Ó ta ìwé ìròyìn, ó sì jíṣẹ́ wáyà láti ojúlé dé ojúlé nígbà tí ó wà lọ́mọdé, kí ó tó di ògbóǹtagí oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní Manchester. Charles Rolls ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ ọlọ́lá. Ọkọ̀ ni ó ń tà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún ọdún 1904 ni àwọn méjèèjì pàdé ní Manchester, nígbà tí ó sì di 1906 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹnì kẹta ni Claude Johnson, ẹni tí ó mọ bí a ti ń gbé ohun rere hàn fún ayé.

Ní ayé ìgbà náà, ẹ́ńjìnnì àti ṣáásì nìkan ni ilé-iṣẹ́ ń tà. Àwọn mìíràn ni wọ́n ń kọ́ ara ọkọ̀ lé e lórí. Johnson yan ṣáásì kejìlá nínú irú ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń pè ní 40/50, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sìlíńdà mẹ́fà. Ó gbé e fún ilé-iṣẹ́ Barker kí wọ́n kọ́ ara ọkọ̀ arìnrìn-àjò lé e, irú èyí tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí àwọn èrò. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ álúmíníọ̀mù kùn ún, kí wọ́n sì fi fàdákà bo àwọn irin ara rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wá wà lára páànù kékeré kan níwájú. Fàdákà ni nítorí àwọ̀ rẹ̀; iwin ni nítorí pé ó ń lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ rere kò tó bí ìwà kò bá tẹ̀ lé e. Ní 1907 kan náà, wọ́n gbé ọkọ̀ yìí jáde fún ìdánwò 15,000 máìlì, tí ó lé ní 24,000 kìlómítà. Àwọn aláyẹ̀wò láti ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ilẹ̀ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní RAC, jókòó sínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà purọ́. Lóòrèkóòrè ni ó ń lọ, tí ó ń bọ̀, láàrin Lọ́ńdọ̀nù àti Glasgow. Nígbà tí ó rìn dé 629 máìlì, ojú ọ̀nà gbọ̀n ọ́n títí tí ibi tí epo ń gbà kọjá fi tì fúnra rẹ̀. Wọ́n ṣí i, wọ́n sì tẹ̀ síwájú. Láti ibẹ̀, ó rin 14,371 máìlì tí ó kù láìdúró nítorí àbùkù kankan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ níṣojú àwọn aláyẹ̀wò. Iye owó tí wọ́n ní yóò sọ gbogbo ohun tí ó ti jẹ kù padà di tuntun kò ju pọ́n-ùn méjì, ṣílè méjì àti kọ́bọ̀ méje lọ.

Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń pe gbogbo ọkọ̀ 40/50 ní Silver Ghost. Ó lé ní 7,800 irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 1926. Orúkọ ọmọ kan ṣoṣo di orúkọ agboolé. AX 201 fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà ní 1908, ó sì ṣiṣẹ́ fún un fún ogójì ọdún kí ó tó padà sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ní 1948. Láàrin 1989 sí 1991 ni wọ́n wá tú u, tí wọ́n sì tún un ṣe látòkè délẹ̀.

Ọkọ̀ tí ó ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìpààrọ̀ ohun kan. Taya a máa jẹ, awọ ìjókòó a máa ya, ọ̀dà a máa ṣí. Ta ni yóò wá sọ fún wa ibi tí àtúnṣe parí sí, tí àfarawé bẹ̀rẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1990, nípa ọkọ̀ mìíràn tí ó jẹ́ ìbátan ti Rolls-Royce. Bentley ni, ilé-iṣẹ́ tí Rolls-Royce rà ní 1931. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ni Old Number One, Àgbà Nọ́ńbà Kìíní, nítorí pé ó gba ipò kìíní nínú eré ìje Le Mans ní ilẹ̀ Faransé ní 1929 àti 1930.

Ojú ọkọ̀ yìí rí màbo. Ẹ́ńjìnnì mìíràn ni ó wà nínú rẹ̀ nígbà tí ó já bọ́ ní pápá Brooklands ní 1932, tí awakọ̀ rẹ̀, Clive Dunfee, sì kú. Wọ́n tún un kọ́, ó di ọkọ̀ onílé tí a lè wà kiri ìgboro. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnì kan gbà láti rà á ní mílíọ̀nù mẹ́wàá pọ́n-ùn. Kí ó tó sanwó ni ó yí padà, ó ní ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ tà fún òun kì í ṣe Old Number One mọ́. Olówó ọkọ̀ pè é lẹ́jọ́.

Adájọ́ Otton yẹ ọkọ̀ náà wò lẹ́yọ lẹ́yọ. Ó rí i pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ṣẹ́ kù nínú ti 1929, àti pé díẹ̀ ni ó kù nínú ti 1930. Síbẹ̀, ó dá olówó ọkọ̀ láre. Ìdí ni pé ọkọ̀ náà kò kú rí: díẹ̀díẹ̀ ni ó ń yí padà, ìtàn rẹ̀ kò já níbì kankan, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn láyé tí ó lè sọ pé òun ni ó ni orúkọ náà. Adájọ́ kò pè é ní ohun ìbẹ̀rẹ̀ tí ọwọ́ kò kàn. Kò sì pè é ní àtúnkọ́ lásán. Ohun tí ó pè é ni ojúlówó.

Ìdájọ́ yìí kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí wa. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, àrọ́mọdọ́mọ a máa fi aṣọ tuntun kún ẹ̀kú egúngún, kò sì sí ẹni tí ń sọ pé egúngún mìíràn ni ó jáde. Ilé baba ẹni tí a fi amọ̀ mọ, tí a wá fi búlọ́ọ̀kù tún kọ́, ilé baba ẹni náà ni, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá kúrò lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀, tí a kò sì gbàgbé ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ohun tí ó gba àwọn ọkọ̀ méjèèjì là. Àkọsílẹ̀ ni. Bí àwọn aláyẹ̀wò kò bá kọ máìlì sílẹ̀ ní 1907, àhesọ lásán ni ìtàn AX 201 ìbá jẹ́. Bí kò bá sí ẹni tí ó kọ ọdún tí wọ́n pààrọ̀ ohun kan sílẹ̀, adájọ́ kì bá tí rí ohun gbá mú ní 1990. Ìlú wa pẹ̀lú ní ààfin, ilé ìwé àti ilé ìjọsìn àtijọ́ tí a ń tún ṣe lójoojúmọ́. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú àtúnṣe. Ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú kí a tún nǹkan ṣe, kí a má sì sọ ohun tí a yọ, ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀ àti ìgbà tí a ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni òkùn ìtàn ti ń já.