Ìtọ́jú Bàálù àti Ètò Ìrìnnà Rẹ̀: Ìtàn Tó Ṣáájú Ìjàm̀bá Lísà ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàgbéyẹ̀wò ìbáṣepọ̀ tó wà láàárín ìtọ́jú bàálù àti ètò ìrìnnà rẹ̀ nínú ìtàn ìrìnnà òfuurufú ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a dá WAAC sílẹ̀ ní ọdún 1946 títí dé ìgbà tí bàálù Bellview já sí abúlé Lísà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, ní ọdún 2005. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lísà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òjò tàbí kádàrá lásán. Ó ní ìtàn lẹ́yìn. Ìtàn náà sì ni ti bí àkókò ìgbéra ṣe ń borí àkókò àtúnṣe díẹ̀díẹ̀, tí àṣà náà fi di bárakú.

Ìfáàrà

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ ìrìnnà. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní ọdún 1896 gba Ifọ̀ àti Abẹ́òkúta kọjá kí ó tó dé Ìbàdàn. Láti ìgbà náà ni àwọn ará Ẹ̀gbá ti mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń rìn ní àkókò kan pàtó gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe ní àkókò kan pàtó. Ọ̀rọ̀ bàálù kò yàtọ̀. Pápákọ̀ òfuurufú Ìkejà kò jìnnà sí ààlà ilẹ̀ Ẹ̀gbá, òkè orí àwọn abúlé àgbègbè Ifọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ bàálù tó bá dojú kọ àríwá ń gbà kọjá. Ohun tí a bá ṣe dáadáa ní Ìkejà tàbí tí a bá fi falẹ̀ níbẹ̀ lè kan àgbẹ̀ tó wà lóko rẹ̀ ní Lísà, bí kò tilẹ̀ wọ bàálù rí láyé rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi tó ohun tí à ń ṣèwádìí rẹ̀ nínú ìtàn ilẹ̀ Ẹ̀gbá.

Bí Ìtọ́jú àti Ètò Ìrìnnà Ṣe So Kọ́ra

Bàálù kì í pa owó wọlé àfi nígbà tó bá wà lófuurufú. Gbogbo wákàtí tó bá fi dúró sílẹ̀, owó ló ń jẹ: owó ibùdókọ̀, owó àyálò, owó oṣù òṣìṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣètò ìrìnnà a máa fẹ́ kí bàálù tó dé láàárọ̀ tún gbéra kí ọjọ́ tó rọ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ, ní tirẹ̀, a máa fẹ́ kí bàálù dúró kí òun lè yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀tá ara wọn, ṣùgbọ́n wákàtí kan náà ni wọ́n jọ ń dù.

Oríṣiríṣi ni àyẹ̀wò tí a ń ṣe fún bàálù. Èyí tó kéré jù ni ti kí ó tó gbéra, tí wọ́n ń wo táyà, epo, apá àti ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní A, tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí ìrìnnà. Èyí tí wọ́n ń pè ní C a máa gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú hángà ní nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ sí ọdún méjì síra. Èyí tó tóbi jù ni D, tí wọ́n ti ń tú bàálù palẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí wọn yóò yọ ìjókòó àti ògiri inú rẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi tí irin ti ń dípẹtà tàbí tó ti ń sán.

Inú yàrá èrò náà ní ìtọ́jú tirẹ̀, pàápàá nínú bàálù tó ń lọ ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá fi wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jókòó nílò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, ìjókòó tó dúró gírí, bẹ́líìtì tó ń dè, iná tó ń tàn sí ọ̀nà àbájáde, àti ohun ìbòmú tí yóò fún un ní afẹ́fẹ́ bí ti inú bàálù bá dínkù. Àwọn kan lára nǹkan wọ̀nyí jẹ́ ti ìrọ̀rùn, òmíràn sì jẹ́ ti ẹ̀mí. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ní ìwé kan tó to àléébù lẹ́sẹẹsẹ, tó sọ èyí tí bàálù lè gbé rìn fún ọjọ́ mélòó kan àti èyí tí kò gbọdọ̀ gbé rìn rárá. Ìjókòó tó bá bàjẹ́, a lè tì í pa kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀. Ilẹ̀kùn àbájáde tí kò ṣí, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ìwé yìí gan-an ni ibi tí ewu ti ń wọlé. Àléébù tí a sún síwájú lónìí, bí a kò bá tún un ṣe lọ́la, a ó tún sún un. Bí ó bá pẹ́, ojú àwọn òṣìṣẹ́ a mọ́ ọn lára, wọn a sì máa kà á sí ara bàálù.

Láti WAAC dé Nigeria Airways

Ní ọdún 1946 ni ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì dá WAAC sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Nígbà tí Ghana gba òmìnira tí ó sì dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1958, Nàìjíríà gba ti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀, bàálù BOAC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń yá fún ìrìnàjò Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn olóhun ló ń bójú tó àtúnṣe ńlá. Ní ọdún 1964 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ nípa ìrìnnà òfuurufú sílẹ̀ ní Zaria, níbi tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ àti onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Nàìjíríà ti gba ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1971, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà di Nigeria Airways.

Kí orúkọ náà tó yí padà ni àjálù ńlá àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1969 ni ilé-iṣẹ́ náà ra bàálù VC10 kan lọ́wọ́ BOAC. Ní ọjọ́ 20, oṣù kọkànlá, ọdún kan náà, bí bàálù náà ti ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, tó ti gba Rome àti Kano kọjá, ó já lulẹ̀ kí ó tó dé pápákọ̀ Ìkejà. Gbogbo èèyàn 87 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Ẹ̀rọ tó yẹ kí ó gba ohun tí bàálù ń ṣe sílẹ̀ kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí náà kò ṣeé ṣe láti fi ọwọ́ sọ̀yà nípa ohun tó fà á. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ ní fífi sọ́kàn, nítorí yóò tún padà wá ní Lísà.

Ní àárín ọdún 1970 sí 1980, Nigeria Airways ra bàálù DC-10 méjì fún ọ̀nà jíjìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí 1990, Airbus A310 mẹ́rin dé. Ní orí ìwé, èyí pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọkọ̀ méjì péré tí irú wọn jọra kò ní ààyè àṣìṣe: bí ọ̀kan bá wọ hángà, èkejì ni yóò gbé ẹrù méjèèjì. Ní ọjọ́ 10, oṣù kìíní, ọdún 1987, ọ̀kan nínú àwọn DC-10 náà jóná ní Ìlọrin níbi tí wọ́n ti ń fi kọ́ awakọ̀. Kò sí ẹni tó kú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, DC-10 kan ṣoṣo ló kù. Bí èyí bá ní àléébù, èrò a kún pápákọ̀. Bí èrò bá kún pápákọ̀, ariwo a ta, a sì máa wu ọ̀gá pé kí bàálù gbéra.

Ẹ̀kọ́ Jẹ́dà, Ọdún 1991

Ní àkókò hajj, ètò ìrìnnà a máa le ju ti ìgbà yòókù lọ, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ni a ó kó lọ tí a ó sì kó bọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ọdún 1991, Nigeria Airways gba bàálù Nationair ti Kánádà láti kó àwọn arìnrìnàjò mímọ́. Ní ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún náà, DC-8 kan gbéra ní Jẹ́dà láti kó èrò padà sí Ṣókótó. Afẹ́fẹ́ inú táyà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ètò ti ń falẹ̀, ẹni tó ń darí ètò náà kò sì fẹ́ kí bàálù dúró. Bí ó ti ń sáré lórí ilẹ̀ ni táyà bẹ́, iná ràn wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn tó gbéra, gbogbo èèyàn 261 sì bá a lọ.

Táyà kì í ṣe ohun ìjìnlẹ̀. Afẹ́fẹ́ táyà ni gbogbo awakọ̀ danfó ní Lafenwa ń yẹ̀ wò kí ó tó forí lé Ṣàngó. Ohun tó pa èèyàn 261 kì í ṣe àìmọ̀. Ìmọ̀ wà, àṣẹ láti dúró ni kò sí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ní ti bàálù, ti ẹlòmíràn ló ń bá a dákẹ́.

Bí Ọ̀nà Ṣe Dé Lísà

Láti ọdún 1980 sí 1990 ni ìjọba ti ń fàyè gba àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni. Okada Air bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1983, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e, títí kan Bellview ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí 2000. Bí àwọn wọ̀nyí ti ń dìde ni Nigeria Airways ń wó lulẹ̀ lábẹ́ gbèsè, títí tí ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta, fi tì í pa ní ọdún 2003. Pẹ̀lú rẹ̀ ni ilé àtúnṣe àti ẹgbẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ti kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún fọ́n ká. Bàálù tó ti lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ níbòmíràn ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tuntun ń rà, òkè òkun sì ni wọ́n ní láti gbé wọn lọ fún àtúnṣe ńlá, pẹ̀lú owó ilẹ̀ òkèèrè.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, ọdún 2005, Boeing 737-200 ti Bellview, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1981, gbéra ní Ìkejà lọ sí Àbújá. Èèyàn 117 ló wà nínú rẹ̀. Láìpẹ́ lẹ́yìn tó gbéra, a kò gbóhùn rẹ̀ mọ́. Wọ́n kọ́kọ́ kéde pé wọ́n ti rí i ní ẹ̀bá Kìṣí, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, pé àwọn kan tilẹ̀ yè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lísà, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ló já sí, ẹyọ ẹnì kan kò sì yè. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni Ìyáàfin Stella Ọbásanjọ́, aya Ààrẹ, kú ní ilẹ̀ Spain. Ọ̀fọ̀ méjì bo Abẹ́òkúta mọ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì.

Ohun tí Ìwádìí Fi Hàn

Òjò àti mọ̀nàmọ́ná wà lójú ọ̀run lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì rọrùn láti di gbogbo ẹ̀bi ru òjò. Nínú àbájáde ìwádìí rẹ̀, AIB, ẹ̀ka ìjọba tó ń wádìí ìjàm̀bá bàálù nígbà náà, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò rí ẹ̀rí tó dájú tí òun fi lè sọ ohun tó fa ìjàm̀bá náà. Wọn kò rí àwọn àpótí tó ń gba ohùn àti ìṣesí bàálù sílẹ̀, bí ti ọdún 1969 kò ṣe wúlò. Ṣùgbọ́n ó to àwọn nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá awakọ̀ gbà kí ó tó máa darí irú bàálù náà kò tó. Wákàtí tó ti fò láàárín ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú pọ̀ dé ibi tó lè fa àárẹ̀. Bàálù náà ní àwọn àléébù, kò sì yẹ kí wọ́n jẹ́ kí ó gbéra lọ́jọ́ náà, àní kò yẹ kí ó ti rin àwọn ìrìnàjò kan tó ṣáájú. Ilé-iṣẹ́ náà kò lè tọ́jú bàálù rẹ̀ bó ti yẹ, ìṣọ́ tí àjọ aláṣẹ ń ṣe lórí rẹ̀ kò sì tó.

Tí a bá fi ojú òpìtàn wò ó, kò tọ́ kí a sọ pé àìtọ́jú ló já bàálù náà lulẹ̀, nítorí ìwádìí kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó tọ́ láti sọ ni pé nǹkan méjì tí a ti ń bá bọ̀ láti òkè wà níbẹ̀ pọ̀: awakọ̀ tí ètò ìrìnnà kò jẹ́ kí ó sinmi tó, àti bàálù tí ètò ìrìnnà kò jẹ́ kí ó dúró. Ẹrù kan náà ni wọ́n di lé èèyàn àti irin lórí.

Ohun tó Yí Padà

Lísà kọ́ ni òpin. Ní ọjọ́ 10, oṣù kejìlá, ọdún 2005, bàálù Sosoliso já ní Port Harcourt, ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé sì wà lára àwọn tó kú. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹwàá, ọdún 2006, ti ADC já ní Àbújá, Súltánì Ṣókótó, Muhammadu Maccido, sì wà lára àwọn tó bá a lọ. Àwọn àjálù wọ̀nyí ló bí òfin ìrìnnà òfuurufú ti ọdún 2006, tó fún àjọ NCAA ní agbára láti dá dúró láìsí pé olóṣèlú ń darí rẹ̀. Ní ọdún 2010, Amẹ́ríkà fi Nàìjíríà sí ipò kìíní ní ti ààbò òfuurufú. Bellview fúnra rẹ̀ ti kógbá wọlé ní ọdún 2009.

Síbẹ̀, ní ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún 2012, bàálù Dana já lé ilé àwọn èèyàn ní Ìjù-Ìṣàgá lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ méjèèjì pàdánù agbára. Gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, ó sì pa àwọn tó wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹta, ọdún 2024, Air Peace bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò láti Èkó sí pápákọ̀ Gatwick ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀nà jíjìn tí Nigeria Airways fi sílẹ̀ tún ti ní ọmọ onílẹ̀ lórí. Ìbéèrè àtijọ́ náà sì tún ti dìde: bàálù mélòó ló wà nípamọ́ tí yóò gbapò èyí tó bá wọ hángà?

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé láti VC10 ti ọdún 1969 dé Boeing ti ọdún 2005, ohun kan náà ló ń padà wá: bàálù kò pọ̀ tó, àkókò kò pọ̀ tó, ẹni tó mọ àléébù kò sì ní àṣẹ tó. Òfin ọdún 2006 tún àṣẹ ṣe dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n òfin kì í mú ṣíbà yẹ táyà wò. Òṣìṣẹ́ tó lè sọ pé bàálù kò ní gbéra, tí kò sì ní pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀, ni ààbò gidi. Nígbà tí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá sọ̀rọ̀ ní Ìkejà, tí èrò sì ń kùn pé àkókò ti lọ, ó yẹ kí wọ́n rántí pé ẹ̀mí àwọn tó wà nínú bàálù àti ti àwọn tó ń sùn ní Lísà ló ń dáàbò bò.