Ejìká Kọ́ńdọ̀, Ejìká Ọ̀bọ: Àyẹ̀wò Ìwádìí lórí Fífi Apá Fì láti Ẹ̀ka dé Ẹ̀ka

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ọ̀bọ ṣe ṣe orí ni ìnàkí náà ṣe ṣe é. Ní ti orí, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní ti ejìká, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ dúró ní Kétu tàbí Mile 12 nírọ̀lẹ́, kí ẹ wo kọ́ńdọ̀ dánfó: ó na ọwọ́ kan sókè, ó di irin ẹnu ọ̀nà mú, ó fi gbogbo ara rọ̀ síta, ó ń pe èrò. Àwọn ọ̀bọ mónà tó wà ní ọgbà Lẹ́kkí, tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990, kì í rìn báyẹn. Orí ẹ̀ka ni wọ́n ń gbà, tọwọ́tẹsẹ̀. Bí àlàfo bá yọjú, wọn a fò ó. Egungun pẹlẹbẹ ejìká wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà bíi ti ajá. Tiwa tẹ́ sí ẹ̀yìn, òun ló jẹ́ kí apá wa lè yí ká.

Ọ̀gá nínú fífi apá fì láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka ni gíbọ́nì, ará igbó gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà. Apá rẹ̀ gùn ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ dáadáa, ìka rẹ̀ a ká bí ìkọ́, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ń yí débi pé ara lè yí padà lábẹ́ ọwọ́ tó di ẹ̀ka mú. Ní 1974, onímọ̀ kan, John Fleagle, fi ìrìn síámáǹgì, tó tóbi jù nínú àwọn gíbọ́nì, wé fífì pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù. Ọmọ tó ti gun jangirọ́fà rí ti mọ ọ̀rọ̀ náà: ara ń já bọ̀, ó ń yára sí i, eré yẹn náà ló tún ń gbé e gòkè ní òdìkejì, agbára díẹ̀ ló kù fún iṣan láti fi kún un. Bí gíbọ́nì bá rọra ń lọ, ọwọ́ kan kì í fi ẹ̀ka sílẹ̀ kí èkejì tó di òmíràn mú. Bí eré bá wọ̀ ọ́, á ju ẹ̀ka sílẹ̀, á gba inú afẹ́fẹ́ kọjá. Ibẹ̀ ni ewu wà. James Usherwood àti John Bertram fi hàn ní 2003 pé ọwọ́ tó bá já lu ẹ̀ka lójijì ń fi agbára ṣòfò, àmọ́ ó sàn fún gíbọ́nì kó fò kọjá díẹ̀ ju kó tàsé lọ.

Ẹdun tiwa ńkọ́, ẹdun àwọn ìbejì? Kò ní àtàǹpàkò tó ṣeé lò. Kùkùté lásán ló wà níbẹ̀. Nítorí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ kan ṣe kà á mọ́ àwọn tó ń fi apá fì díẹ̀díẹ̀. Russell Mittermeier àti Fleagle wo ìbátan rẹ̀ kan ní 1976, wọ́n sì ní ìsọ̀rí náà kò dúró: ìrìn àti fífò ló pọ̀ jù nínú ìṣe rẹ̀.

Ìjà tó kù dá lórí àwa ènìyàn. Onímọ̀ kan, Arthur Keith, tó ti wo gíbọ́nì ní Siam (Thailand òde òní), ní inú fífi apá rọ̀ ni ìdúró ṣánṣán wa ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2009, àwọn tó ṣàlàyé Ardi, egungun Etiópíà tó ti tó mílíọ̀nù 4.4 ọdún, ta ko irú èrò yìí. Ní 2021, Thomas Prang àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún ọwọ́ Ardi wọ̀n, wọ́n ní ọwọ́ ẹni tí baba ńlá rẹ̀ ń rọ̀ mọ́ ẹ̀ka ni. Lójú tèmi, àwọn ti 2021 ló jàre.