Láti Ọwọ́ Oníbodè dé Eyín Ọmọ Kọ́kọ́rọ́: Ìtàn Títi Ilẹ̀kùn Ilé, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ Ìdóàní

Ìfáárà
Olùkọ́ tí a gbé lọ ṣiṣẹ́ ní Ìdóàní, Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó sì gba yàrá níbẹ̀, yóò gba ọmọ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ onílé. Ìbéèrè tó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: ta ló tún ní irú rẹ̀ lọ́wọ́? Ayálégbé tó kó jáde lè ti gé òmíràn pamọ́. Láyé àtijọ́, irú ìbéèrè yìí kò fi bẹ́ẹ̀ wáyé. Iṣẹ́ yìí ń wo ohun tó mú ìyàtọ̀ náà wá.

Ilẹ̀kùn láyé àtijọ́
Pákó ni Yorùbá fi ń ṣe ilẹ̀kùn. Ṣóńṣó tí a gbẹ́ sí òkè àti ìsàlẹ̀ pákó náà ló ń yí nínú ihò. Ní ilẹ̀ Èkìtì tí kò jìnnà sí agbègbè Ọ̀wọ̀, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ sí ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ láàrin 1910 sí 1914. Wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Wembley ní 1924, ó sì wà ní British Museum títí di òní.

Ọ̀pá ìdábùú ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn láti inú. Nígbà tí onílé bá lọ sóko, àwọn ará agbo ilé ni ẹ̀ṣọ́. Ní ẹnu ibodè ìlú, oníbodè ni. Ènìyàn gan-an ni kọ́kọ́rọ́. Ìdí nìyí tí òwe fi sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní Ìdóàní, níbi tí àwọn kan ti ń sọ èdè Ìyàyú pẹ̀lú Yorùbá, ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkójọ orúkọ tí àwọn àgbà ń pe àwọn nǹkan wọ̀nyí ní èdè méjèèjì kí ó tó pẹ́ jù.

Bí kọ́kọ́rọ́ ṣe gba ipò ènìyàn
Òye kọ́kọ́rọ́ kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ adúláwọ̀. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi igi ṣe kọ́kọ́rọ́ tí igi kéékèèké ń já bọ́ sínú ìdábùú rẹ̀; àwọn Bámbárà àti Dógọ̀n ní Málì náà ṣe irú rẹ̀. Òye yìí kan náà ni Linus Yale ọmọ, ará Amẹ́ríkà, fi irin ṣe, tó sì gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1861 àti 1865.

Nínú sílíńdà irú kọ́kọ́rọ́ yìí, irin róbótó méjì-méjì ló wà léra wọn, sípíríǹgì sì ń tì wọ́n. Eyín ọmọ kọ́kọ́rọ́ tó bá yẹ ni yóò gbé wọn dé ibi tí ojú ìpàdé wọn yóò ti dọ́gba; nígbà náà ni sílíńdà yóò tó yí.

Nígbà tí ọmọ kọ́kọ́rọ́ bá ṣìnà
Bí ọmọ kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkíní ni kí a pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà láti ṣí ilẹ̀kùn; ó yẹ kí onítọ̀hún kọ́kọ́ rí ẹlẹ́rìí pé ẹni tó pe òun ló ni ilé. Ṣùgbọ́n ṣíṣí kò sọ ọmọ kọ́kọ́rọ́ tó sọnù di aláìlágbára. Èkejì ni kí a yọ àwọn irin róbótó inú sílíńdà, kí a fi èyí tó bá ọmọ kọ́kọ́rọ́ tuntun mu rọ́pò wọn. Ẹ̀kẹta ni kí a tú síkúrúù tó de sílíńdà mọ́ etí ilẹ̀kùn, kí a fi sílíńdà mìíràn tó gùn bákan náà síbẹ̀. Ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ kò nílò pípààrọ̀.

Ìgúnlẹ̀
Àyẹ̀wò yìí fi hàn pé ohun tí ará ilé ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí eyín irin ń ṣọ́. Olùkọ́ tó bá pààrọ̀ sílíńdà yàrá tuntun rẹ̀ ti sọ gbogbo ọmọ kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ di irin lásán. Ta ni yóò fi èyí tuntun lé lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ ìwà ènìyàn nìyẹn ṣì jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nígbà ọ̀pá ìdábùú.