Kẹ́ ẹ tó da yanrìn sí àkúrọ̀ yẹn

Ẹ máa ń bi mí pé kí ni mò ń kọ́ gan-an tí PhD ò fi tíì parí. Omi ìdọ̀tí ni! Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìtàn ẹ̀ kàn yín.

Ní Forest Hill tí mò ń gbé yìí, téèyàn bá tẹ omi sílẹ̀ nílé ìgbọ̀nsẹ̀, Crossness létí odò Thames ló ń gbà lọ. Ọdún 1865 ni wọ́n ṣí ibẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, wọn kì í fọ omi náà rárá. Wọ́n kàn ń tọ́jú ẹ̀ pa mọ́ di ìgbà tí odò bá ń fà lọ sókun, wọ́n á wá tú u dà sí i. Lọ́dún 1878, ọkọ̀ ojú omi Princess Alice rì nítòsí ibẹ̀, èèyàn tó lé ní 600 kú, nínú omi ẹlẹ́gbin. Ẹ̀gbin tá a kàn gbé kúrò lójú, kò tíì parí.

Kí ló wá ń parí ẹ̀? Lọ́dún 1877, àwọn ará Faransé méjì, Schloesing àti Müntz, rọ yanrìn àti ẹfun lílọ̀ kún páìpù gíláàsì, wọ́n jẹ́ kí omi ìdọ̀tí máa rọra gba inú ẹ̀ kọjá. Fún nǹkan bí ọjọ́ 20, kò sí ìyípadà. Lẹ́yìn náà ni ammonia, èyí tó ń ta sí ni nímú níbi ìtọ̀ tó ti pẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, nitrate sì ń rọ́pò ẹ̀. Wọ́n fi chloroform sí i, iṣẹ́ dúró. Wọ́n bu omi tí wọ́n fi ṣan erùpẹ̀ sí i, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Àṣé kòkòrò àìfojúrí ló ń ṣe é, atẹ́gùn ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Lọ́dún 1882, Gayon àti Dupetit ṣàlàyé ìdajì kejì: níbi tí atẹ́gùn ò sí, àwọn kòkòrò mìíràn ń sọ nitrate di afẹ́fẹ́ tó ń padà sójú ọ̀run. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950, Käthe Seidel ní Jámánì ń gbin koríko etí odò sínú omi ìdọ̀tí. Gbòǹgbò ń fún ẹrẹ̀ tó yí i ká ní atẹ́gùn díẹ̀. Ẹrẹ̀ tó jìnnà ò ní. Ikọ̀ méjèèjì wá ń ṣiṣẹ́ lójú kan. Irú àkúrọ̀ àfọwọ́ṣe yìí ni mò ń ṣe nínú ike. Lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dà á nù. Ọjọ́ 20 yẹn ni mo rántí.

Ibi tó ti kàn yín rèé. Púpọ̀ nínú wa ló ń kọ́lé sílé. Soakaway nínú ilẹ̀ yanrìn gbígbẹ, ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ló sábà máa ń ṣe. Nitrate á bá omi wọ kànga. Ẹ ò ní rí i, kò sì lóòórùn. Ẹ se omi náà títí, kò ní kúrò. WHO ní kó má kọjá mílígíráàmù 50 nínú lítà kan, nítorí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ po mílíìkì fún: ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè má gbé atẹ́gùn dáadáa mọ́.

Àkúrọ̀ tó lè ṣe ìdajì kejì, òun gan-an là ń fi pọ́n-ùn ra yanrìn dà sí l'Ékòó. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́, ẹ bi bíríkìlà yín pé báwo ni kànga ṣe jìnnà sí soakaway tó. Kẹ́ ẹ sì ní kó fi àkúrọ̀ díẹ̀ sílẹ̀.