Bónẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀: Láti Ọwọ́ Alágbẹ̀dẹ Dé Àgbàlá Ilé

 Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ra ọkọ̀ àkọ́kọ́, àwa tó kù sì ń tọ́jú owó tiwa díẹ̀díẹ̀. Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ náà sábà máa ń jẹ́. Bí iwájú rẹ̀ bá sì gbá nǹkan, bónẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tó kọ́kọ́ ń fara gbá a. Lónìí, ẹni méjì tó ní sípánà lè pààrọ̀ rẹ̀ nínú àgbàlá ilé kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá. A fẹ́ sọ bó ṣe débẹ̀, nítorí inú ìtàn náà ni ohun tí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kò gbọdọ̀ gbójú fò wà.

Nígbà tí ọkọ̀ dé, kò sí bónẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 1886 tí Karl Benz gba ìwé àṣẹ lórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ ní Jámánì, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà, lábẹ́ ìjókòó. Ilé iṣẹ́ Panhard et Levassor ní ilẹ̀ Faransé ló gbé ẹ́ńjìnnì wá síwájú ní 1891, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé wọn. Ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú ń gba eruku àti òjò sára, ó sì yẹ kí èèyàn lè tètè dé ìdí rẹ̀. Ìbòrí tó ṣeé ṣí ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ti ń ṣí i bí ìyẹ́ ẹyẹ.

Àmọ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà yẹn. Oníṣẹ́ irin á lu irin, á rẹ́ ẹ, títí tí yóò fi bá ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ mu. Èyí tó bá ọkọ̀ kan mu lè má bá èkejì rẹ̀ mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ irin náà lẹ̀ ń padà lọ.

Ọdún 1908 ló fi hàn gbangba pé ayé ti ń yí padà. Henry Leland, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà, kì í gbà kí ẹ̀yà ọkọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì rẹ̀. Ní ọdún yẹn, ẹgbẹ́ Royal Automobile Club dán ọkọ̀ Cadillac mẹ́ta wò ní Brooklands, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta palẹ̀, wọ́n da ẹ̀yà wọn pọ̀ mọ́ra, wọ́n sì mú àwọn kan kúrò, wọ́n fi tuntun láti ìsọ̀ rọ́pò wọn. Sípánà àti sikurudíráfà ni wọ́n fi tò wọ́n padà. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́ irin kankan kó tó wọlé. Nígbà tí wọ́n tàn wọ́n, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn, wọ́n sì sáré 500 máìlì, ìyẹn nǹkan bí 800 kìlómítà. Ọdún yẹn kan náà ni Ford gbé Model T jáde. Kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1927, wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 15 lọ.

Lẹ́yìn náà, bónẹ́ẹ̀tì di awẹ́ kan ṣoṣo. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, hínjì wà lẹ́yìn rẹ̀ nítòsí gíláàsì, ìkọ́ sì wà níwájú. Ó rọrùn láti tú, ṣùgbọ́n ewu dé. Bí ìkọ́ bá já lórí eré, atẹ́gùn á gbé e sókè, á bo gíláàsì, awakọ̀ kò sì ní rí ọ̀nà mọ́. Ìdí nìyí tí òfin Amẹ́ríkà fi sọ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1969 pé irú bónẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìkọ́ kejì. Òun lẹ ń fi ìka wá lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa ọwọ́ tó wà nínú ọkọ̀.

Nílẹ̀ wa ńkọ́? Ọdún 1975 ni Volkswagen ní Èkó àti Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀. Ìjàpá tí àwọn bàbá wa wà tilẹ̀ yàtọ̀: ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, táyà sípíà àti táńkì epo ló wà lábẹ́ ìdérí iwájú. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò SAP ní 1986, náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì kọjá agbára òṣìṣẹ́. Àlòkù láti òkè òkun ló gba ìgboro, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gba Kùtọnú wọlé. A fún un lórúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n gbé wálé: Tòkunbọ̀. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà ń tẹ̀ lé e bọ̀. Bí bónẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tú lára ọkọ̀ kan ní Jámánì bá dé ọjà Ládípọ̀ ní Mùṣin, tó sì wọ ọkọ̀ tó wà n'Ìbàdàn rẹ́gí, ohun tí wọ́n dán wò ní Brooklands náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá, ẹrù ọ̀gá tẹ̀ lé e wá sílé. Ẹ béèrè irú ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, torí ìrísí ń yí padà. Ẹ fi bírò fa ìlà yí hínjì ká lára bónẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kí ẹ tó tú u, kí ẹ lè mọ bó ṣe jókòó. Ẹ yọ róbà omi tó ń fọ gíláàsì. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí aṣọ sì wà lórí gíláàsì. Bí ẹ bá gbé tuntun lé e, ẹ má tíì fún bóòtù pa. Ẹ rọra dé e, kí ẹ wò ó bóyá àlàfo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba láìka gbogbo àtúntò sí, ó ṣeé ṣe kí irin iwájú ọkọ̀ ti wọ́. Páńẹ́lì bítà ló ni ìyẹn, ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tíì di ohun àtijọ́. Àwọn ọkọ̀ kan tún wà tí bónẹ́ẹ̀tì wọn máa ń ta sókè fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá gbá ẹlẹ́sẹ̀, kí orí onítọ̀hún má baà lu ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi irú èyí sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ bá sì ti ṣe tán, ẹ fa ọwọ́ inú ọkọ̀ kí ìkọ́ àkọ́kọ́ tú, kí ẹ gbìyànjú láti gbé bónẹ́ẹ̀tì sókè láìfọwọ́ kan ìkọ́ kejì. Bí ó bá ṣí, ọkọ̀ náà kò tíì ṣe é gbé jáde. Bí ó bá dì í mú, ẹ pa á dé dáadáa, ó di títì.