Omi Lórí Àpáta: Adágún Ìyàkẹ́ nínú Ìtàn Ogun àti Ààbò ní Agbègbè Ìsẹ́yìn

Ní òpin ọ̀sẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ láti Ìbàdàn àti Èkó a máa gbé àpò ìrìnàjò kọ́ ẹ̀yìn, wọn a sì gun Òkè Àdó ní Adó-Àwáyè, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn mìíràn a sun orí òkè mọ́jú. Àtẹ̀gùn 369 ni wọ́n ń ka ọ̀nà náà sí. Ohun tí ó ń fà wọ́n wá ni Ìyàkẹ́, adágún tí ó tẹ́jú sórí àpáta. Ohun tí wọ́n sì sábà máa ń gbọ́ níbẹ̀ ni pé méjì péré ni irú adágún bẹ́ẹ̀ láyé, èkejì sì wà ní Colorado, ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró lórí ẹ̀rí. Adágún orí òkè pọ̀ káàkiri ayé. Ti Colorado tí a ń sọ, ẹ̀gbẹ́ àfonífojì ló wà. Èròjà bí ẹfun tí omi ń kó bọ̀ ló dì, tí ó sì di ìdènà fún omi náà. Ihò inú àpáta líle ni Ìyàkẹ́ ní tirẹ̀. Bí a bá wá iyì Ìyàkẹ́ síbi àfiwé yìí, a ó pàdánù ibi tí iyì rẹ̀ wà gan-an, èyí tíí ṣe ìtàn àwọn tí wọ́n gbé orí òkè náà.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú náà fi yé ni pé orí òkè ni àwọn baba ńlá wọn tẹ̀dó sí kí àwọn ọmọ wọn tó sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí orí òkè jẹ́ nígbà ogun hàn kedere bí a bá wo Òṣoògùn, ìlú Samuel Àjàyí Crowther, ní agbègbè kan náà. Nínú ìwé tí Crowther kọ ní 1837, ó ṣàlàyé pé ọgbà ló yí ìlú náà ká, ó ní ẹnubodè bíi mẹ́fà, ibi tí kò lágbára sì pọ̀ lára ọgbà náà. Ní 1821, láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, ogun ti wọlé. Àwọn ìyá tí wọ́n gbọ́mọ pọ̀n sá wọ inú igbó, a sì fi okùn mú wọn níbẹ̀. Ìsẹ́yìn ni a kó àwọn ẹrú náà lọ.

Àpáta kò ní ẹnubodè mẹ́fà tí a ó máa ṣọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ará Òkèhò pẹ̀lú fi kóra jọ sórí òkè tiwọn. Ẹ̀yìn ọ̀tẹ̀ Òkèhò àti Ìsẹ́yìn ti 1916 ni wọ́n tó kó lọ sí ibùdó tuntun, ní 1917. Ṣùgbọ́n àpáta nìkan kò tó. Ẹni tí ogun bá sé mọ́ orí òkè, bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, yóò sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, omi tí kì í gbẹ lórí òkè jẹ́ apá kan ààbò ìlú, gẹ́gẹ́ bí odi ti jẹ́ níbòmíràn.

Ojú yìí ni ó yẹ kí a fi wo ìjọsìn tí ó rọ̀ mọ́ Ìyàkẹ́. Àwọn tí ń wá ọmọ ń tọrọ níbẹ̀, ìgbàgbọ́ sì wà pé omi náà kò nísàlẹ̀, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò ní jáde. Kì í ṣe àjọṣe lásán ni kí omi tí ń fúnni lọ́mọ wà ní ibi tí a ń gbé ọmọ sá sí. Èèwọ̀ wíwọ inú rẹ̀ pẹ̀lú, bí ó ti ń dẹ́rù bani, ó ń pa omi mọ́ fún ẹni tí yóò mu ún.

Ìtàn Colorado rọrùn láti sọ fún àlejò, ó sì ti ń gba ipò ìtàn ilé. Ohun tí ó kù fún àwọn onímọ̀ ni kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbà Adó-Àwáyè, kí wọ́n sì gba ìtàn agbo ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: àwọn wo ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, àwọn wo ló ń pọnmi, òfin wo ló sì de omi náà nígbà tí ogun wà nísàlẹ̀.