Owó Ta Ni, Iṣẹ́ Ta Ni? Ìtàn Àwọn Sinimá Àkọ́kọ́ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Nínú iṣẹ́ sinimá, òwe yìí a máa dá àríyànjiyàn sílẹ̀, nítorí ó ṣòro láti mọ ẹni tí ó ni ẹrú gan-an: ṣé ẹni tí ó ro ìtàn ni, tàbí ẹni tí ó darí àwọn òṣèré, tàbí ẹni tí ó tú àpò? Òǹkọ̀wé lè fi bébà àti gègé parí iṣẹ́ tirẹ̀. Onísinimá ayé ìgbà náà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò ra fíìmù láti òkè òkun. Bí ó bá ya àwòrán tán, yóò tún fi ránṣẹ́ sí òkè òkun kí wọ́n bá a fọ̀ ọ́. Yóò bọ́ òṣèré, yóò háyà ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀ kan ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí àwọn tí ó kọ́kọ́ dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa, láàárín 1970 sí 1982, ṣe rí owó, àti ohun tí owó náà gbà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Francis Ọládélé ni kí a fi ṣáájú. Calpenny ni ó pe ilé-iṣẹ́ rẹ̀. California, Pennsylvania àti New York ni ó gé kúrú di orúkọ náà, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tí wọ́n bá a dówò pọ̀ ti wá. Ní 1970 ó gbé Kongi's Harvest jáde, eré Wọlé Ṣóyínká, pẹ̀lú àjọṣe ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà àti òmíràn ní Sweden. Ossie Davis, òṣèré aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, ni ó darí rẹ̀. Ṣóyínká ni ó kọ ìwé eré náà fún sinimá, òun náà ni ó sì ṣe Kongi. Síbẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ parí, Ṣóyínká kọ̀ ọ́ lọ́mọ: ó ní wọ́n ti yí ohun tí òun kọ padà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáradára. Ojú rẹ̀ ni à ń wò, ohùn rẹ̀ ni à ń gbọ́, ṣùgbọ́n àṣẹ ohun tí a ó gé àti ohun tí a ó fi sílẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi kò lè dá Ọládélé lẹ́bi. Ní ìgbà náà, Nàìjíríà kò ní àpò kan tí ó yà sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. 1979 ni a tó dá Nigerian Film Corporation sílẹ̀. Àwọn tí ìjọba ràn lọ́wọ́ níbòmíràn pàápàá kò ṣàì san nǹkan kan. Ousmane Sembène, ará Senegal, gba owó àjọ sinimá ìjọba Faransé fún Mandabi ní 1968, ó sì di dandan kí ó ya eré náà lẹ́ẹ̀mejì, ní èdè Wolof àti ní èdè Faransé. Ọwọ́ tí ń fúnni ní í wà lókè.

Ọ̀nà tí Ọlá Balógun gbà yàtọ̀. Ó ti kọ́ iṣẹ́ yìí ní Paris, ó sì ti ṣe Alpha (1972) àti Amadi (1975), èyí tí ó fi èdè Ìgbò ṣe. Ní 1976 ó ṣe Àjàní Ògún pẹ̀lú Adé Afọláyàn, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love. Balógun mọ iṣẹ́. Adé Love ní èrò lẹ́yìn. Ìmọ̀ àti èrò pàdé, sinimá Yorùbá sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn ọ̀gá òṣèré fi fura pé àwọn tí ó ni èrò lè ni sinimá pẹ̀lú. Adé Love fúnra rẹ̀ ni ó gbé Ìjà Òmìnira jáde, láti inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin. Balógun kàn darí rẹ̀ ni. Ní 1979 Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde, Balógun náà ni ó darí rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà èyíkéyìí lónìí pé ta ni ó ṣe Aiyé, Ògúndé ni yóò dá yín lóhùn. Nígbà tí Jáíyésinmi fi máa jáde ní 1980, Balógun kò sí níbẹ̀ mọ́. Freddie Goode ni ó bá Ògúndé darí rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń fẹ́ ṣe sinimá a máa fi Ògúndé ṣe àwòkọ́ṣe: owó rẹ̀ ni, ìtàn rẹ̀ ni, àṣẹ rẹ̀ sì ni. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti 1945 ni ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ti ń lọ láti ìlú dé ìlú. Àwọn aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà lára òṣèré. Àwọn èèyàn ti wo Aiyé lórí ìtàgé kí ó tó di sinimá. Ọdún 34 yìí ni owó ìdókòwò rẹ̀, kò sì sí báǹkì tí í yá ènìyàn ní irú rẹ̀. Nígbà tí fíìmù délé tán, wọn kò fi lé àwọn ará Lẹ́báńónì àti Íńdíà tí ó ni òwò sinimá lọ́wọ́. Àwọn onísinimá Yorùbá a máa gbé agolo fíìmù wọn kiri fúnra wọn, wọn a háyà gbọ̀ngàn, wọn a sì jókòó ti owó ẹnu ọ̀nà. Ní tiwọn, ẹni tí agolo fíìmù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ni sinimá, ohun yòówù tí ìwé àdéhùn ìbá wí.

Èyí ni ó fi jẹ́ pé ohun tí ó dé bá Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, burú jọjọ. Ọ̀run Móoru (1982) ni sinimá rẹ̀ àkọ́kọ́, owó tí ó yá ní báǹkì ni ó sì fi ṣe é. Kò sí àlejò kan tí ó lè bá a pa ọ̀rọ̀ kan dà nínú rẹ̀. Àwọn olè jí i dà sí kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Àwọn èèyàn jókòó sí ilé wọn wò ó, gbèsè sì wà lọ́rùn Bàbá Sàlá. Gbogbo sinimá náà jẹ́ tirẹ̀, àdánù rẹ̀ náà sì jẹ́ tirẹ̀ nìkan; alábàáṣe ìbá ti bá a gbé díẹ̀ nínú rẹ̀.

Láti 1986 ni náírà ti bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ kíákíá, nígbà tí ó jẹ́ pé owó òkè òkun ni a fi ń ra fíìmù tí a sì fi ń fọ̀ ọ́. Ògúndé rọ́nà gbé Àyànmọ́ jáde ní 1988, ó sì kú ní 1990. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèré yà sídìí kámẹ́rà fídíò tí kò gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣòwò kásẹ́ẹ̀tì ní Ìdúmọ̀tà, ní Èkó, ni ó wá ń tú àpò, àwọn náà sì ni wọ́n ń sọ òṣèré tí àwòrán rẹ̀ yóò wà lára páálí.